Oró Tí Ó Di Oògùn

Àwọn àgbà wa mọ̀ pé oró àti oògùn kì í jìnnà sí ara wọn. Ewé tí adáhunṣe fi ń wo àìsàn sàn lè ṣe ènìyàn léṣe bí a bá lò ó ju ìwọ̀n lọ. Nítorí náà, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu púpọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí àwọn oníṣègùn fi ń bá àrùn jẹjẹrẹ jà jẹ́ ọmọ ohun ìjà kan tí a ti fi pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lójú ogun. Ohun tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu, tí ó sì yẹ kí a fi kọ́ àwọn ọmọ wa, ni ọ̀nà tí a gbà mọ ibi tí oró náà ń di mú nínú ara, àti bí ìmọ̀ náà ti ṣe ìrànlọ́wọ́ láti sọ ohun tí ń pani di ohun tí ń gbani là.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ ju bí ó ti hàn lójú lọ. Nígbà tí a bá gbé ọmọ tí ó ní jẹjẹrẹ lọ sí ilé ìwòsàn, tí a fún un ní oògùn, tí irun orí rẹ̀ ń re, tí ó ń bì, tí kò lè jẹun, òbí mìíràn a wí pé májèlé ni àwọn dókítà ń fún ọmọ òun, a sì gbé e padà sílé. Òbí bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni ó mọ̀. Ìdajì tí kò mọ̀ ni ó sì lè gba ẹ̀mí ọmọ náà là. Ẹ jẹ́ kí a tọpa ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, àwọn ọmọ ogun Jámánì yin ọta tí oró kan wà nínú rẹ̀ lu àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lẹ́bàá ìlú Ypres ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Nítorí pé òórùn rẹ̀ jọ ti músítádì, àwọn sójà sọ ọ́ ní gáàsì músítádì. Orúkọ lásán ni èyí. Kò sí músítádì nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gáàsì gan-an. Ohun ṣíṣàn kan tí ó dàbí òróró, tí ó sì ń fẹ́ káàkiri bí ìkùukùu, ni. Imí ọjọ́ ni ó wà ní àárín rẹ̀, ó ní apá méjì, kiloríìnì kan sì wà ní òpin apá kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ fi apá méjì yìí sọ́kàn, nítorí orí wọn ni gbogbo ìtàn yìí dúró lé. Ẹni tí oró náà bá kàn kì í mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ ni ojú rẹ̀ yóò wú, tí ara rẹ̀ yóò lé ròrò, tí ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yóò bó.

Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1919, Edward Krumbhaar àti Helen Krumbhaar tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí oró náà pa. Wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti dín kù gidigidi, àti pé mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣẹ̀, ti gbẹ. Àwọn díẹ̀ ni ó ka ìwádìí náà, àwọn díẹ̀ sì ni ó ronú sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ọdún ó lé díẹ̀ kí ẹnìkan tó bèèrè ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀: bí oró yìí bá ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń bí sí i kíákíá, ǹjẹ́ kò lè pa jẹjẹrẹ tí ó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń bí láìdẹ́kun ni òun náà?

Ní ọdún 1942 ni ìbéèrè náà rí ẹni bèèrè rẹ̀. Ogun Àgbáyé Kejì ń jà lọ́wọ́, ìjọba Amẹ́ríkà sì ti fi àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Yale, Louis Goodman àti Alfred Gilman, sí ìdí ìwádìí oró ogun ní ìkọ̀kọ̀. Oró tí àwọn ń lò yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àtijọ́: wọ́n ti yọ imí ọjọ́ kúrò ní àárín rẹ̀, wọ́n sì ti fi náítírójìn rọ́pò rẹ̀. Apá méjì náà wà síbẹ̀. Wọ́n fún eku tí jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀ ní ìwọ̀n díẹ̀, kókó ara eku náà sì yọ́ kúrò. Nígbà náà ni wọ́n bá oníṣẹ́ abẹ Gustaf Lindskog sọ̀rọ̀, ní oṣù Kẹjọ ọdún náà sì ni wọ́n fún ọkùnrin kan ní oògùn náà. Jẹjẹrẹ ti wú sí ọkùnrin yìí ní ọrùn àti àgbọ̀n, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè gbé oúnjẹ mì dáadáa, ìtọ́jú tí a ń fi ìtànṣán ṣe kò sì ràn án mọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ kókó náà rọ̀, ó sì pòórá. Inú gbogbo wọn dùn. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ náà padà, oògùn náà kò sì lágbára mọ́ bí ti àkọ́kọ́. Ọkùnrin náà kú kí ọdún tó parí. Nítorí àṣírí ogun, orúkọ oògùn náà pàápàá kò hàn nínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìlú Bari ní etí òkun ilẹ̀ Ítálì ni oògùn yìí ti bẹ̀rẹ̀. A ti rí i pé ti Yale ni ó ṣáájú. Síbẹ̀ ọ̀ràn Bari yẹ ní mímọ̀. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá, ọdún 1943, ọkọ̀ òfuurufú àwọn Jámánì ju bọ́ǹbù sí èbúté ìlú náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi sì rì. Ọ̀kan nínú wọn ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ John Harvey, tí ó kó nǹkan bí 2,000 bọ́ǹbù gáàsì músítádì pamọ́ sínú. Àwọn tí ó mọ ohun tí ọkọ̀ náà kó ti bá a lọ. Àwọn sójà àti atukọ̀ tí ó lúwẹ̀ẹ́ jáde nínú omi ni a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé pẹ̀lú aṣọ wọn tí oró ti rin, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ju 600 lára wọn ni a gbà sí ilé ìwòsàn, 83 sì kú kí oṣù náà tó parí, láìka àwọn ará ìlú tí ẹnikẹ́ni kò kà.

Dókítà ológun kan, Stewart Alexander, ni a rán lọ wádìí. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ jẹ́wọ́ fún un pé gáàsì wà ní èbúté. Ó bèèrè ibi tí ọkọ̀ olúkúlùkù òkú wà nígbà tí bọ́ǹbù bọ́, ó sì yà á sórí àwòrán èbúté náà. Àwọn òkú pọ̀ yí ọkọ̀ John Harvey ká. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe mú òtítọ́ jáde. Òun náà rí i pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí oró náà kàn ń tán lọ bí omi inú ìkòkò tí ó jò. Ìròyìn rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ohun tí a ti rí ní Yale múlẹ̀. Ní ọdún 1946, lẹ́yìn tí ogun parí, Goodman àti Gilman gba àṣẹ láti sọ ohun tí wọ́n mọ̀ fún ayé. Nígbà tí ó sì di ọdún 1949, ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí i pé kí a máa tà á fún ìtọ́jú àwọn aláìsàn.

Oògùn náà wà, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí ó ń di mú nínú sẹ́ẹ̀lì. Ìgbà tí a mọ bí sẹ́ẹ̀lì ti ń tọ́jú ogún ìbí rẹ̀ ni a tó lè dáhùn. Ní ọdún 1944, Oswald Avery àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York fi hàn pé DNA ni ohun tí ń gbé àbùdá láti ìran dé ìran nínú kòkòrò tí wọ́n ń wádìí. Ní ọdún 1953, James Watson àti Francis Crick, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwòrán ìtànṣán tí a yà ní iyàrá ìwádìí Rosalind Franklin àti Maurice Wilkins, sọ bí DNA ti rí. Ó dàbí àkàbà gígùn tí a lọ́ bí okùn. Ìpele àkàbà náà jẹ́ ohun méjì méjì tí ó dojú kọ ara wọn: adẹnínì àti tayimínì, guanínì àti sitosínì. Nítorí pé a lọ́ àkàbà yìí, poro méjì gba ara rẹ̀ kọjá bí poro tí ń bẹ láàárín ebè: ọ̀kan gbòòrò, èkejì tóóró. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì, àkàbà náà gbọ́dọ̀ ṣí láti àárín, kí ìhà kọ̀ọ̀kan lè di àwòkọ fún èyí tí yóò bá a dọ́gba. Bí kò bá lè ṣí, sẹ́ẹ̀lì kò lè bímọ.

Ní ilé ìwádìí Chester Beatty ní London, Peter Brookes àti Philip Lawley gbé ìbéèrè náà dìde. Láàárín ọdún 1960 sí 1961, wọ́n fi hàn pé nínú gbogbo ohun tí ó wà lára DNA, guanínì ni oró yìí ń dì mọ́ jù lọ, ní ibi náítírójìn kan tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè ní nọ́ńbà 7. Ibi yìí yọ orí síta nínú poro gbígbòòrò, kò sí ohun tí ó bò ó. Bí iṣẹ́ náà ti rí nìyí. Kiloríìnì orí apá kan jáwọ́, apá náà sì ká wọlé, ó di òrùka kékeré kan tí ara rẹ̀ kò balẹ̀. Òrùka yìí ń wá ohun tí yóò dì mọ́. Nígbà tí ó bá kan guanínì, ó ṣí, ó sì dì mọ́ ọn pinpin. Lẹ́yìn náà, apá kejì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Bí guanínì mìíràn bá wà nítòsí ní ìhà kejì àkàbà náà, apá kejì yóò dì í mú, ìhà méjèèjì yóò sì di síso pọ̀. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1990, a ti rí i pé guanínì méjèèjì tí oògùn náà ń so pọ̀ kì í sábà wà ní ìpele tí ó tẹ̀lé ara wọn; ìpele kan máa ń wà láàárín wọn.

Ẹ wá rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ fi apá méjì sọ́kàn. Apá kan nìkan lè ṣe DNA léṣe, ṣùgbọ́n oró tí ó ní apá méjì ni ó ń ti ilẹ̀kùn àkàbà náà pa. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá fẹ́ bí sí i nígbà náà yóò fa DNA rẹ̀ títí, kò ní ṣí, yóò sì kú.

Ṣé oògùn yìí wá mọ jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí ara tí ó dá? Rárá, kò mọ̀ ọ́n. Guanínì ni ó mọ̀, guanínì sì wà nínú sẹ́ẹ̀lì gbogbo. Àwọn àgbà wí pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Jẹjẹrẹ kì í ṣe àlejò bí kòkòrò ibà. Ọmọ ilé ni, sẹ́ẹ̀lì ara ẹni tí ó kọ ìlànà ni, DNA rẹ̀ sì jọ ti ará ilé yòókù. Ìyàtọ̀ tí oògùn lè rí dì mú ni pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń bí láìsinmi, kì í sì í sábà tún DNA rẹ̀ ṣe dáadáa kí ó tó bímọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé kan wà tí àwọn náà ń bí kíákíá: gbòǹgbò irun, awọ inú ìfun, àti mùdùnmúdùn inú egungun. Ìdí nìyí tí irun fi ń re, tí èébì fi ń gbé ọmọ, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ń fẹ́. Nígbà tí oògùn bá dáwọ́ dúró, gbòǹgbò irun yóò tún hù. Dókítà ni ó ń ṣe ìmọ̀ tí oògùn kò ní: òun ni ó ń wọn iye rẹ̀, tí ó ń ka sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń fún ara ní àyè láti sinmi kí ó tó tún fún un ní òmíràn.

Àwọn onímọ̀ wá ọ̀nà tí oró náà yóò fi rọ̀. Ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1958, Herbert Arnold, Norbert Brock àti ẹlẹgbẹ́ wọn kéde oògùn tí a ń pè ní cyclophosphamide. Ìbátan oró músítádì ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti de apá méjèèjì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èrò wọn ni pé inú jẹjẹrẹ ni ìdè náà yóò ti tú. Èrò náà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ ni ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Síbẹ̀ oògùn náà dára, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó jẹ́ ìyá nínú mùdùnmúdùn egungun ní ohun tí wọ́n fi ń pa oró rẹ̀ kí ó tó ṣe wọ́n léṣe púpọ̀.

Ní ọdún 1958 náà ni Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ará Ireland tí ń ṣiṣẹ́ ní Kampala ní ilẹ̀ Ùgáńdà, kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ kan tí ń wú àgbọ̀n àwọn ọmọdé ilẹ̀ Áfíríkà. Àrùn náà yára púpọ̀. Kókó rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀bẹ kò tó o, ẹ̀rọ ìtànṣán kò sì sí ní Ùgáńdà nígbà náà. Ó ku oògùn. Burkitt ní Kampala, àti àwọn mìíràn ní Nairobi, fún àwọn ọmọ náà ní oògùn àwọn ìbátan músítádì, ojú wọn sì là. Ohun tí ó mú kí jẹjẹrẹ yìí burú, èyíinì ni pé ó ń bí kíákíá, ni ó mú kí oògùn náà rí i mú.

Àrùn yìí pọ̀ ní apá ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Ní Ìbàdàn, Victor Anomah Ngu, ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù tí ó ti kọ́kọ́ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tí ó sì padà di Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ abẹ níbẹ̀, tọ́jú àwọn ọmọdé tí ó ní i pẹ̀lú cyclophosphamide. Ní ọdún 1965 ó kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n ti lo ju ọdún méjì lọ láàyè lẹ́yìn ìtọ́jú. Ní ọdún 1972, òun àti Burkitt wà lára àwọn tí a fún ní ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà nítorí iṣẹ́ yìí. Ó wá padà sí ilẹ̀ rẹ̀, ó sì di olórí Yunifásítì Yaoundé. Kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé nígbà tí ayé ń kọ́ bí oògùn ti lè ṣẹ́gun jẹjẹrẹ láìsí ọ̀bẹ, Ìbàdàn wà lára ibi tí a ti kọ́ ọ.

Láti ìgbà náà, a ti mọ ọ̀nà mìíràn tí oògùn ń gbà di DNA mú. N ó mẹ́nu ba méjì. Ní ọdún 1961, Leonard Lerman fi hàn pé ohun kan tí ó tẹ́jú pẹrẹsẹ lè yọ́ wọ àárín ìpele méjì àkàbà náà, bí ìgbà tí a bá ti ewé sáàárín ojú ìwé méjì. Bẹ́ẹ̀ ni daunorubicin ń ṣe. Kòkòrò inú ilẹ̀ tí a bù lẹ́bàá ilé olódi Castel del Monte, tí kò jìnnà sí Bari, ni a ti rí i. Àbúrò rẹ̀, doxorubicin, ni wọ́n sì sọ ní Adriamycin nítorí Òkun Adriatic, òkun kan náà tí oró John Harvey dà sí. Ara rẹ̀ tí ó tẹ́jú wọ àárín ìpele, ṣúgà tí ó so mọ́ ọn sì jókòó sínú poro tóóró. Nígbà náà, òṣìṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì tí ń gé okùn DNA láti tú u kí ó má lọ́ mọ́ra yóò gé e, kò sì ní lè so ó padà.

Èkejì ni cisplatin. Michele Peyrone ará Ítálì ti ṣe é láti ọdún 1844, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé oògùn ni. Ní ọdún 1965 ní Amẹ́ríkà, Barnett Rosenberg ń fi iná mànàmáná dán kòkòrò tíntìntín wò nínú omi, irin plátínọ́ọ̀mù ni ó sì fi gbé iná náà wọ inú omi. Àwọn kòkòrò náà kò pín mọ́. Wọ́n ń gùn lọ bí òwú, títí dé ìlọ́po 300. Kì í ṣe iná ni ó fà á. Plátínọ́ọ̀mù tí ó yọ́ sínú omi ni. Òun náà ń wá náítírójìn nọ́ńbà 7 lára guanínì, ṣùgbọ́n guanínì méjì tí ó tò tẹ̀lé ara wọn ní ìhà kan náà ni ó sábà ń dì mú, tí àkàbà náà yóò fi tẹ̀. Ohun kan wà tí ó ní èròjà kan náà pẹ̀lú cisplatin, tí ó jẹ́ pé kiloríìnì rẹ̀ méjèèjì kò sí ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Kò lè di guanínì méjì tí ó fara kanra mú, kò sì jẹ́ oògùn. Láti ọdún 1978 tí a ti fi ọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà, cisplatin ti sọ jẹjẹrẹ kórópọ̀n ọkùnrin di àrùn tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń bọ́ nínú rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì náà kì í ká ọwọ́ gbera. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gé ibi tí oògùn dì mú kúrò, tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Jẹjẹrẹ tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí dáadáa yóò padà wá, bí ó ti padà sára ọkùnrin ìjọ́sí ní Yale. Àwọn àgbà wí pé bí oògùn kò bá jẹ́, ewé kan ni ó kù. Nítorí náà ni àwọn dókítà fi ń lo oògùn méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, tí ọ̀kan ń so àkàbà pọ̀, tí èkejì ń wọ àárín ìpele, kí jẹjẹrẹ má lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Títí di òní, cyclophosphamide, doxorubicin àti cisplatin wà nínú àkójọ àwọn oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí èyí tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣe aláìní.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí òbí kan bá sọ fún yín pé májèlé ni wọ́n ń fún ọmọ òun, ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ẹ gbà fún un pé oró ni, kí ẹ sì sọ ìyókù fún un: pé oró tí a mọ ibi tí ó ń di mú ni, tí a ń wọ̀n, tí a sì ń ṣọ́, pé irun yóò tún hù, pé bí a bá dáwọ́ dúró ní àárín, jẹjẹrẹ tí ó kù ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bá a mú ọmọ náà padà sí ilé ìwòsàn.